Àwọ̀ Pupa Létí Sùtánà Mi

Egungun méjì péré ló wà nínú àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Àwọn ìka yòókù ní mẹ́ta mẹ́ta, àtàǹpàkò nìkan ló ní méjì. Nínú méjèèjì tó wà nínú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi, èyí tí èékánná jókòó lé ló sán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé mo bẹ obìnrin tó ya àwòrán egungun náà, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Ìbà, pé kó fi hàn mí lójú ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì fi fóònù ya tèmi. Ojú sísán náà kò fẹ̀ ju fọ́nrán irun kan lọ. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa gbà. Mo bi í bóyá ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ààbọ̀. Ó wojú mi, ó ní mẹ́fà.

Ìdí tí mo fi ń ná ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń ná ọjà ni pé ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn ilé-ìwé gíga máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méje sí ọjọ́ tí mo ṣèṣe. Mo wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn ní ilé-ìwé gíga kan ní Ọjọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbé omi fún àwọn tó ń gbá a, ọdún kẹrin yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà mí mọ́ àwọn mọ́kànlá. Ẹni tó bá ti jáde kò lè gbá a fún ilé-ìwé mọ́. Bí mi ò bá lọ sí ìdíje yẹn, kò sí òmíràn tí màá lọ.

Orí fóònù ni mo ti kọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Ní àdúgbò wa ní Ìbà Ẹ́síteètì, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń gbá. Mo wá ìwé òfin eré náà rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kà á tán lẹ́ẹ̀mejì, òfin méjìlélógójì. Bàbá mi ń tún inífátà ṣe ní Ọjà Àlàbá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń rí téèpù dúdú tí wọ́n fi ń wé wáyà. Bí ènìyàn bá fi téèpù yẹn bo ìdajì bọ́ọ̀lù tẹnìsì, tó fi irun ìdajì kejì sílẹ̀, bọ́ọ̀lù náà á yà kúrò lọ́nà nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìyẹn nìkan, mo ń jù ú lu ògiri ẹ̀yìnkùlé, títí tí onílé kejì fi wá bi ìyá mi bóyá mo ń ṣàárẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí eré náà rí kò nílò láti mọ̀ ju báyìí lọ. Ajubọ́ọ̀lù á sáré wá, á na ọwọ́ rẹ̀ gbọnrangandan, á ju bọ́ọ̀lù kó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oníbátì á dúró síwájú igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, á fi bátì rẹ̀, ìyẹn pákó ìgbábọ́ọ̀lù, ṣọ́ àwọn igi náà; bí bọ́ọ̀lù bá kan wọ́n, ó ti jáde nìyẹn. Bó bá gbá a jìnnà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ á sáré ṣe pàṣípààrọ̀ ibi tí wọ́n dúró sí, ìyẹn á jẹ́ rọ́ọ̀nù kan. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni wọ́n ń pè ní ófà. Bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ jẹ́ awọ pupa tí wọ́n rán yípo, ó wúwo tó ọgọ́jọ gíráàmù, ó sì le bí òkúta. Ọ̀rọ̀ òkúta yìí máa padà wá.

Ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ ṣèṣe, oṣù kan ṣáájú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ mú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ láti òkè, mo tète pa ọwọ́ dé, ó gbá mi ní orí ìka, oríkèé àárín sì yẹ̀. Mo sọ òtítọ́ ìyẹn fún ìyá mi. Ó bá mi lọ sí ilé ìwòsàn, ó wo bí wọ́n ṣe fà á padà, ó wo bí wọ́n ṣe so ó mọ́ ìka tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló ní, "Èyí ni àkọ́kọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ èkejì." Kò pariwo. Aránṣọ ni, sùtánà ló ń rán, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni èkejì ṣẹlẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa, ní Okokomaiko, ẹni tó bá sì wọ sùtánà níbẹ̀ kì í wọ bàtà. Kì í ṣe inú ilé ìsìn nìkan, ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé, ó sì di ilé. Láti kékeré ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ọ̀dà Okokomaiko, láàárín ìdérí ìgò àti èèpo ọsàn, mo sì lè sọ ibi tí ọ̀dà ti máa ń gbóná jù ní aago méjìlá ọ̀sán. Nígbà tí mo ń bọ̀ láti ìsìn, mo gba ẹ̀yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí pèpéle kọnkéré gígùn kan wà, ibẹ̀ la ti máa ń dánra wò. Mo bá ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀, ó ń ju bọ́ọ̀lù sí igi mẹ́ta láìsí ẹnikẹ́ni níwájú wọn. Ọmọ onílé Ọjọ́ ni, Mùsùlùmí, òun ló sì ń ju bọ́ọ̀lù yára jù nínú ẹgbẹ́ wa.

"Wá gbá ẹyọ mẹ́fà," ni ó wí. "Ófà kan péré."

Mo ní aṣọ ìsìn wà lọ́rùn mi.

"Ká a sókè. Gba bàtà mi."

Mo ká sùtánà mi dé orúnkún, mo fi àmùrè tí a ń dì mọ́ ìdí so ó le. Ṣùgbọ́n mo kọ bàtà. Mo ṣàlàyé fún un pé mi ò lè wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, èèwọ̀ ni. Nígbà yẹn, ó dà bíi pé mo ń pa òfin mọ́. Mo gbá mẹ́ta àkọ́kọ́ dáadáa, ọ̀kan nínú wọn kan ògiri ilé-ìwé lápá òsì. Oríṣi bọ́ọ̀lù kan wà tí ajubọ́ọ̀lù rere máa ń fi pamọ́, èyí tí kì í balẹ̀ síwájú, ibi ìka ẹsẹ̀ oníbátì gan-an ló máa ń já sí. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ó jù ú, ó sì já lé àtàǹpàkò mi.

Kóòṣì wa ní òfin kan tó ju méjìlélógójì tinú ìwé lọ lọ́dọ̀ rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró níwájú bọ́ọ̀lù awọ láìwọ bàtà, láìde páàdì mọ́ ojúgun. Ẹni tó bá rú u, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé títí ọdún á fi parí. Torí náà ni a fi wá òkúta. Ọ̀rẹ́ mi ló lọ ṣàwárí rẹ̀, kọ̀rọ̀ kan nítòsí géètì Ẹ́síteètì tí ìdérí gọ́tà ti fọ́, tí kọnkéré rẹ̀ yọ orí jáde. Ó lọ wò ó dáadáa, ó padà wá sọ fún mi pé ó tó ohun tó lè ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé òkúta ni mo gbá. Mo sọ ohun kan náà fún kóòṣì.

Ìyá mi ló fọ sùtánà ọjọ́ yẹn fúnra rẹ̀, torí pé mi ò lè dúró. Lọ́jọ́ kejì ó gbé bátì mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kọjú sí géètì Ẹ́síteètì, ó fi aṣọ wé e, ó sì tì í sẹ́yìn àwọn ìdì aṣọ funfun.

"Ìka ọwọ́ lóṣù tó kọjá," ni ó wí. "Ìka ẹsẹ̀ lóṣù yìí. Oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Mọ́mì, òkúta ni, kì í ṣe kíríkẹ́ẹ̀tì."

"Mo gbọ́. Mi ò tíì rí nǹkan yìí rí. Ìgbà wo lẹ tún máa gbá a?"

Mo sọ fún un pé ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, àti pé eré ọjọ́ náà ló máa pinnu bóyá ilé-ìwé wa máa lọ sí ìdíje. Ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Bí òun bá wò ó tán, òun á sọ bóyá òun máa dá pákó náà padà. Pákó ló ń pè é, títí dòní.

Mo sọ èyí fún kóòṣì. Ó ní tí ilé-ìwé bá yege, lẹ́yìn eré gan-an ni òun á kọ orúkọ àwọn mẹ́rìnlá tó ń lọ, òun sì lè kọ tèmi nítorí pé ẹsẹ̀ á ti san, ṣùgbọ́n òun kò ní kọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i.

Ní Sátidé náà a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti géètì Ẹ́síteètì. Bí a ṣe ń kọjá ibi ìdérí gọ́tà tó fọ́, ìyá mi yí orí wò ó títí a fi kọjá. Mo gé iwájú sálúbàtà òsì mi kúrò kí báńdéèjì lè rí àyè, gìgísẹ̀ ni mo fi ń tẹlẹ̀. Ìyá mi gbé kúlà omi àti báàgì iṣẹ́ rẹ̀. Kò lè jókòó ṣófo níbikíbi, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn, bó bá jókòó, á fa aṣọ yọ, á máa ṣẹ́ etí rẹ̀.

Ibi tó dára jù láti wo kíríkẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀yìn ajubọ́ọ̀lù gan-an, torí pé láti ibẹ̀ lèèyàn ti lè rí i bí bọ́ọ̀lù bá yà. Ṣùgbọ́n oòrùn wà níbẹ̀. Ìyá mi yan bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi fúrúùtù, ní ẹ̀gbẹ́, ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí okùn tó yí pápá ká. Mo ṣí ìwé ẹ́sẹ́sáìsì mi, mo fa ìlà, mo kọ orúkọ àwọn tó ń gbá a. Ní àárín pápá, wọ́n ti tẹ́ ẹní àgbọn sórí kọnkéré, wọ́n fi ìṣó gígùn kàn án mọ́lẹ̀ ní etí. Ẹní náà gùn ní mítà ogún, ènìyàn mẹ́rin ló ń gbé e.

Àwọn àlejò wa ló kọ́kọ́ gbá a. Ogún ófà ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìyá mi wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Gbogbo wọn wọ funfun," ni ó wí.

"Bí eré náà ṣe rí nìyẹn. Láti ìgbà láéláé."

"Ta ló rán ṣòkòtò ẹni tó ga yẹn? Ìdí rẹ̀ kò jókòó."

Ọ̀rẹ́ mi ni ẹni tó ga náà. Mo ní mi ò mọ aránṣọ rẹ̀.

Nígbà tí ófà keje parí, ó béèrè pé, "Ta ló ń borí?"

"A ò tíì mọ̀, Mọ́mì. Ó di ìgbà tí àwa náà bá gbá tiwa."

"Ẹ ti wà níbẹ̀ fún bí wákàtí kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n náà, ẹ ò mọ ẹni tó ń borí."

"A lè sọ ẹni tó jọ pé ó máa borí."

Ó fa aṣọ funfun kan jáde láti inú báàgì, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mi ò wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tó ń rán ló funfun.

Wọ́n ti gbá rọ́ọ̀nù mọ́kàndínlọ́gọ́ta nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tún gba bọ́ọ̀lù láti jù. Ó ń rìn padà síbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí sáré, ó ń fi bọ́ọ̀lù ha itan rẹ̀ ọ̀tún, lókè-nílẹ̀, lókè-nílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi dá abẹ́rẹ́ dúró.

"Kí ló ń fi bọ́ọ̀lù ha ṣòkòtò fún?"

Bóyá ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù lágbàáyé ni. Mo gbé ìwé mi kalẹ̀. Mo sọ fún un pé bọ́ọ̀lù náà ní ẹ̀gbẹ́ méjì, òwú tí wọ́n fi rán an ló pín in. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń fi aṣọ dán, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì máa ha. Afẹ́fẹ́ kò ní kọjá bákan náà lára méjèèjì, bọ́ọ̀lù á sì yà. Mo sọ fún un pé òfin kò gbà kí wọ́n fi itọ́ dán an mọ́, òógùn nìkan ló kù.

"Pupa wo ló wà ní itan rẹ̀ yẹn?"

"Àwọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Awọ ni bọ́ọ̀lù náà, wọ́n pa á láró pupa, wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó. Bó bá ti kan aṣọ funfun, á fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo gbogbo àwọn tó ń jù ú, ó wà ní itan wọn. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ló máa ń wà, itan ọwọ́ tí wọ́n fi ń jù ú."

"Ó máa ń lọ bí wọ́n bá fọ̀ ọ́?"

"Rárá, kì í lọ tán. Omi tútù ló dára. Omi gbígbóná á tún jẹ́ kó wọ inú aṣọ sí i. Ó máa kọ́kọ́ jọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ á di àwọ̀ ilẹ̀ bó bá pẹ́. Èyí á kàn di àwọ̀ òdòdó bàìbàì, á sì dúró bẹ́ẹ̀."

"Kì í lọ bí ẹ̀jẹ̀."

"Kì í lọ bí ẹ̀jẹ̀ rárá."

"Mo mọ̀," ni ìyá mi wí.

Ó na aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sórí itan mi. Sùtánà mi ni. Mo mọ̀ ọ́n nípa bọ́tìnnì kan lọ́rùn tí kò bá àwọn yòókù mu. Ó ti tú etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ti ń ṣẹ́ ẹ tuntun, ó sì ti rán an dé ibì kan, ó dúró síbẹ̀. Ní ibi tó dúró sí yẹn ni àmì náà wà, àwọ̀ òdòdó bàìbàì, ó tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùpá tuntun, ó sì gùn tó ìka mi. Mi ò rí i rí. Ó ní láti jẹ́ pé etí aṣọ náà bọ́ sílẹ̀ kúrò nínú àmùrè nígbà tí mo gbé bátì sókè.

"Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ ni," ni ó wí. "Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Mo ní ẹ̀jẹ̀ wo rèé? Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń rán aṣọ funfun, kò sí ohun tí wọn ò tíì da sí i. Epo, àbẹ́là, àtíkè, ẹ̀jẹ̀. Mi ò rí èyí rí."

Lórí pápá, ọ̀rẹ́ mi ju bọ́ọ̀lù rẹ̀, oníbátì tàsé rẹ̀. Mo fi àmì kan sínú ìwé mi. Ó jẹ́ ohun tó yẹ kí n ṣe.

"Òkúta Ìbà," ni ìyá mi wí. "Ṣé òun náà máa ń ṣí àwọ̀?"

Mo sọ fún un. Kò pẹ́ púpọ̀ láti sọ, torí pé bọ́ọ̀lù mẹ́rin péré ni. Mo sọ ti kíká sùtánà sókè, ti àmùrè, ti bàtà tí mo kọ̀. Kò gbé ojú kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti fa aṣọ náà padà, ó ń ṣẹ́ etí rẹ̀ lọ, ó gba orí àmì pupa kọjá, ó yí i sínú ìṣẹ́tí kó má baà hàn síta.

"O ní kí lo sọ nígbà tó ní kó o gba bàtà?"

"Mo ní mo wọ sùtánà."

"O pa èèwọ̀ bàtà mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O wá fi àmùrè ṣe bẹ́líìtì."

 Ìyẹn kò sí nínú òfin méjìlélógójì.

Nígbà tí ófà yẹn parí, kóòṣì rán ọ̀rẹ́ mi wá dúró sí etí okùn, níwájú wa gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ajubọ́ọ̀lù tó ti rẹ̀ sí kó lè mí. Ó rí ìyá mi, ó yọ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ láìkúrò nínú pápá.

"Ẹ kú ìjókòó, Mọ́mì. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mà kú ìrọ́jú ti ẹsẹ̀ yìí. Òkúta yẹn burú o, mà. Èmi náà mọ òkúta yẹn."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mà. Ibi gọ́tà yẹn. Ó ti gbá ènìyàn púpọ̀."

"Ìwọ lo jù ú," ni ìyá mi wí.

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo wo ìwé mi. Ní àkókò yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń yí lórí koríko, kò sì yára. Àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ń pè é. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọjá okùn, ìyẹn sì jẹ́ rọ́ọ̀nù mẹ́rin fún àwọn àlejò, ó sì wá dúró síbi ẹsẹ̀ ìyá mi. Ìyá mi gbé e. Ó fi àtàǹpàkò ha ẹ̀gbẹ́ tó ń dán, ó wo àtàǹpàkò náà, ó sọ bọ́ọ̀lù sókè díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mú un.

"Èyí lo jù sí ọmọ tí kò wọ bàtà."

"Ẹ má bínú, mà. Mo fún un ní bàtà."

"Mo ti gbọ́. Gba nǹkan ẹ, wọ́n ń pè ọ́. Ìdí ṣòkòtò rẹ kò jókòó, mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù."

Àwọn àlejò parí sí rọ́ọ̀nù méjìlélọ́gọ́fà. Ní àkókò ìsinmi, ìyá mi fún mi ní omi, ó fún mi ní ìpápánu méjì nínú bébà, ó jẹ ẹyọ kan. Kò sọ ohun kankan nípa pákó. Mo mọ̀ pé bí mo bá béèrè, ó máa dáhùn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi béèrè.

Mo ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ nípa bí ó ṣe yẹ kí ẹgbẹ́ kan lépa rọ́ọ̀nù mẹ́tàlélọ́gọ́fà ní ogún ófà: mẹ́fà àti díẹ̀ ní ófà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sáré jù ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n pa ènìyàn mọ́ di ẹ̀yìn. Àwọn tiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi, ọmọ ọdún kejì, jáde lẹ́yìn bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Mo kọ òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀, mo sì kíyè sí i pé inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Mo ń rò pé bọ́ọ̀lù náà kúrú, èmi ì bá ti sún ẹ̀yìn gbá a. Ìyá mi ti parí etí sùtánà. Ó ká a, ó fi sínú báàgì, ó kó ọwọ́ sórí itan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó jókòó láìrán nǹkan kan.

"Ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fi ń síwájú?" ni ó béèrè.

"Òsì, fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún."

"Báwo ló ṣe máa ń gùn tó?"

Mo fi hàn án lórí ilẹ̀, láti gìgísẹ̀ kan sí èkejì.

Ó wò ó. "Ìdí sùtánà rẹ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó o tilẹ̀ ká a sókè, orúnkún á há. O ò lè na ẹsẹ̀ dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ìka rẹ ló dúró dè é."

Mo rò ó. Òtítọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wo ibi tí mo ti ṣàṣìṣe, mo ti ro orí, mo ti ro èjìká, mi ò ro aṣọ. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé mi.

A borí. Ó ku bọ́ọ̀lù méjì, ó sì ku ènìyàn mẹ́ta tí kò tíì jáde. Ọ̀rẹ́ mi ló gbá èyí tó gbẹ̀yìn, ó gbá a láìwò, ó fi etí bátì kàn án, ó gba ẹ̀yìn igi lọ sí okùn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà níbẹ̀, tí wọn kò ju ogún lọ, sáré wọ pápá. Ìyá mi bi mí pé ṣé ó ti parí. Mo ní ó ti parí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ borí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí.

Kóòṣì wá sí abẹ́ igi fúrúùtù pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó kí ìyá mi dáadáa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá. Ó ní, "Mà, orúkọ mẹ́tàlá ti wà níbí. Ẹni kẹrìnlá ló kù. Ṣé kí n kọ ọ́?"

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi kò wò mí. "Ẹ bi í ohun tó gbá lẹ́sẹ̀," ni ó wí. "Ohun tó bá sọ, ẹ fi ṣe ìdájọ́ yín. Èmi ti ṣe tèmi."

Kóòṣì yíjú sí mi. Ọ̀rẹ́ mi ti dé, páàdì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn kóòṣì, ó ń mi orí sí mi pé rárá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí eṣinṣin ń yọ lẹ́nu. Mo ronú pé mo ṣì lè sọ pé òkúta. Òkúta náà ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó.

"Bọ́ọ̀lù ni, sà," ni mo wí.

"Bọ́ọ̀lù awọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bàtà ńkọ́?"

"Mi ò wọ bàtà. Mo wọ sùtánà."

 Ó wo ìyá mi, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ta ló jù ú?"

 Ọ̀rẹ́ mi ní, "Èmi ni, sà. Mo fún un ní bàtà."

"Ìwọ, títí ọdún á fi parí, ìwọ lo máa máa ká ẹní," ni kóòṣì wí. "Bẹ̀rẹ̀ lónìí." Ó wá ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ orúkọ ọmọ ọdún kejì tó gbá òdo sí ipò kẹrìnlá, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ìwé ẹ́sẹ́sáìsì mi, ó ṣí i láti ojú ewé kan sí òmíràn. Gbogbo bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà wà níbẹ̀, títí kan èyí tó wá sí ẹsẹ̀ ìyá mi.

"A ò ní ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀," ni ó wí. "Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò nílò ẹsẹ̀. Wàá bá wa lọ, o ò ní gbá a."

A padà sí Ìbà nínú kẹ̀kẹ́.  Nígbà tí a dé ibi gọ́tà, ìyá mi ní kí awakọ̀ rọra, ẹsẹ̀ ọmọ òun ń dùn ún.

Ní ọjọ́ Ajé, mo bá bátì náà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ti rán àpò fún un láti inú ìyókù aṣọ sùtánà, ó fi aṣọ méjì lé ara wọn, ó sì fi ọ̀já sí i láti fi gbé e kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n ó ti rán ẹnu àpò náà pa, òwú ìlọ́po méjì, ọwọ́ ló fi rán an. Mo ka ojú abẹ́rẹ́ náà, mọ́kànlélógójì ni. Mo gbé e lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Mọ́mì, ẹ ti rán ẹnu rẹ̀ pa."

"Èékánná tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn máa já," ni ó wí. "Òmíràn á hù. Tó bá hù dé iwájú, mú àpò yẹn wá, àlùmọ́gàjí wà níbí."

Èékánná náà já ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìdíje. Mo lọ sí ìdíje náà, mo jókòó lórí àga pẹ̀lú ìwé ńlá tí kóòṣì rà, mo kọ gbogbo bọ́ọ̀lù eré mẹ́ta tí a gbá kí wọ́n tó lé wa jáde. Mi ò gbá ẹyọ kan. Mo ti jáde ní ilé-ìwé báyìí, mo ń wá iṣẹ́. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kì í yára hù, ó lè gbà tó ọdún kan tàbí ọdún kan ààbọ̀. Mo máa ń fi rúlà wọ̀n ọ́n ní ìparí oṣù. Ó ku mìlímítà mẹ́rin. Àpò náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, ẹnu rẹ̀ ṣì wà bí ó ṣe rán an.